Èsì: "Run" kì í ṣe sáré nìkan

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ní àwọn ọmọ kíláàsì yín ní Ìkòròdú ń túmọ̀ "running nose" sí "imú tó ń sáré". Ẹ má jẹ́ kí wọ́n há ìtumọ̀ kan ṣoṣo sórí mọ́. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ "run" ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò.

Tó bá jẹ́ imú, ikun ló ń dà. Tí "out of" bá tẹ̀ lé e, nǹkan ti tán nìyẹn: epo, owó, sùúrù pàápàá. Ẹni tó ń "run" ṣọ́ọ̀bù, òun ló ń bójú tó o. Bọ́ọ̀sì tó ń "run" láti Ìkòròdú sí Kétu ńkọ́? Ó ń ná ọ̀nà náà ni. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, torí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbọ́ ọ ní gáréèjì.

Inú gbólóhùn nìkan lèyí ti wúlò o. Bí ìbéèrè bá gbé "run" kalẹ̀ lásán, kí wọ́n kọ "sáré".

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má nà wọ́n. Ìtumọ̀ tí ìwé atúmọ̀ èdè Oxford ńlá nì kó jọ fún ọ̀rọ̀ yìí lé ní 600.