Ẹ wọn ọkọ̀ yín kí ẹ tó yan ọ̀nà: láti Glacier dé Jasper pẹ̀lú RV

Ẹ kú ìmúra ìrìnàjò o. Bí ìbéèrè yín ṣe yé mi rèé: ẹ fẹ́ háyà RV (ọkọ̀ ńlá tó ní ibùsùn àti ibi ìdáná nínú) tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 28 fún ẹ̀yin, ìyàwó yín àtàwọn ọmọ mẹ́ta nínú oṣù Keje. Ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní páàkì Glacier ní ìpínlẹ̀ Montana, kí ẹ sọdá bọ́dà sí páàkì Waterton ní Alberta ní Kánádà, kí ẹ gba páàkì Banff dé páàkì Jasper, kí ẹ sì padà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ ní kí ẹni tó bá ti lọ rí bá yín wo ọ̀nà, bọ́dà àti ibi tí ẹ ó máa sùn. Mo ti wa RV gba gbogbo ibẹ̀, nígbà tí oòrùn mú àti nígbà tí yìnyín ń bọ́ nínú oṣù Kẹfà, torí náà ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbé máàpù kalẹ̀, wọ́n á fa ìlà láti páàkì kan dé òmíràn, wọ́n á wá ka wákàtí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Gígùn ọkọ̀ yín àti ibi tí ẹ bá rí gbà láti sùn ni yóò sọ ọ̀nà tí ẹ máa gbà. Wákàtí tí fóònù bá sọ fún yín, ti ọkọ̀ kékeré ni.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ gba ọkọ̀ náà, ẹ mú téèpù dání. Ẹ má gbára lé iye tí wọ́n kọ sórí ìwé, nítorí ìwé kì í sábà ka ohun tí wọ́n fi kún ọkọ̀ lẹ́yìn. Ẹ wọ̀n ọ́n láti bọ́ńpà iwájú títí dé ohun tó bá yọ jù lọ lẹ́yìn, ì báà jẹ́ àkàbà tàbí irin tí wọ́n ń so kẹ̀kẹ́ mọ́. Ẹ wọn fífẹ̀ rẹ̀ láti etí dígí ẹ̀gbẹ́ kan dé etí èkejì. Ẹ wọn gíga rẹ̀ dé orí ẹ̀rọ amúlétutù tó wà lórí òrùlé. Ẹ kọ iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí bébà, ní ẹsẹ̀ bàtà àti ní mítà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ síbi tí ojú awakọ̀ ti lè rí i. Èmi máa ń lẹ tèmi mọ́ ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ń wo bí epo ṣe kù sí.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni Going-to-the-Sun Road, ọ̀nà tó la àárín Glacier já, tó tó nǹkan bí máìlì 50, tó sì gba Logan Pass kọjá ní gíga ẹsẹ̀ bàtà 6,646. Láti agbègbè Avalanche títí dé agbègbè Rising Sun, wọn kò gba ọkọ̀ tó bá gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 21 lọ tàbí tó fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 8 lọ láyè, bọ́ńpà àti dígí sì wà nínú kíkà yẹn. Ọkọ̀ tó bá ga ju ẹsẹ̀ bàtà 10 lọ náà lè ní ìṣòro níbi tí àpáta ti yọ sórí ọ̀nà, pàápàá bó bá ń bọ̀ láti Logan Pass sọ̀ kalẹ̀ sápá ìwọ̀ oòrùn. Tiyín kò lè kọjá, ẹ̀bẹ̀ kò sì lè yí i padà. Ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Ẹ gbé RV sílẹ̀ ní ibùdó, kí ẹ wọ bọ́ọ̀sì páàkì, tàbí kí ẹ sanwó fún bọ́ọ̀sì pupa tí wọ́n ń lò láti àwọn ọdún 1930. Ó tẹ́ mi lọ́rùn ju kí n wakọ̀ fúnra mi lọ, nítorí ẹni tó bá wà nídìí ọkọ̀ lórí ọ̀nà yẹn kò ráyè wo nǹkan kan, àwọn ọmọ ló ń rí gbogbo rẹ̀. Ẹ wo ìkànnì páàkì ní ọdún tí ẹ bá ń lọ gan-an, nítorí òfin wíwọlé àti ti bọ́ọ̀sì máa ń yí padà. Logan Pass fúnra rẹ̀ sì lè má ṣí títí di ìparí oṣù Kẹfà tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje, bí yìnyín bá pọ̀.

RV ní tirẹ̀ yóò gba ọ̀nà US 2 yí ìsàlẹ̀ páàkì ká, láti West Glacier gba Marias Pass lọ sí East Glacier. Ọ̀nà náà dára, ọkọ̀ ojú irin sì máa ń bá yín rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní East Glacier, ẹ̀rọ atọ́nà lè ní kí ẹ yà sí Highway 49 nítorí pé ó yá. Ó há, ó sì lọ́ kọ́lọkọ̀lọ. Ẹ tẹ̀ síwájú dé Browning, kí ẹ gba US 89 lọ sí St. Mary.

St. Mary ni mo fẹ́ kí ẹ ti ṣọ́ra fún afẹ́fẹ́. Ó ń já bọ̀ látorí adágún, ní òru ó sì máa ń mi ọkọ̀ débi pé àwọn àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù á máa kọlura wọn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Aṣọ ìbòji tí wọ́n ń nà síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ RV, ẹ máa ká a wọlé nígbàkígbà tí ẹ bá fẹ́ kúrò nídìí rẹ̀, kódà bí ilẹ̀ bá pa rọ́rọ́. Èmi máa ń kọ imú ọkọ̀ síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀ tí ààyè bá gbà mí. Waterton náà kò yàtọ̀ lórí ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́. Àwọn ibùdó inú Glacier kò sì ní iná tàbí omi tí ẹ lè so mọ́ ọkọ̀. Bátìrì àti tánkì omi yín lẹ ó máa lò, jẹnẹrétọ̀ sì ní wákàtí tí wọ́n fàyè gbà á.

Ó wá kan bọ́dà. Láti ọdún 1932 ni wọ́n ti so Glacier àti Waterton pọ̀ gẹ́gẹ́ bí páàkì àlàáfíà àgbáyé, òun sì ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láyé. Ṣùgbọ́n bọ́dà ṣì ni bọ́dà, owó ìwọlé ọ̀kan kì í sì í ṣiṣẹ́ ní èkejì. Ẹnu bọ́dà Chief Mountain ló sún mọ́ St. Mary àti Waterton jù. Láti àárín oṣù Karùn-ún dé ìparí oṣù Kẹsàn-án nìkan ló máa ń ṣí, wọ́n sì máa ń tì í lálẹ́. Bí ẹ bá bá a ní títì, Piegan àti Carway (ẹnu bọ́dà kan náà ni, orúkọ ìhà Amẹ́ríkà àti ti Kánádà) wà lórí US 89, ó ń ṣí yípo ọdún, àmọ́ òun náà kì í ṣí lóru. Èyí tí kì í tì nítòsí ni Sweetgrass àti Coutts lórí I-15. Ẹ fi ọjọ́ bọ́dà sílẹ̀ fún bọ́dà. Ẹ má fi ìrìn gígùn mìíràn kún un.

Wọn yóò wọ inú ọkọ̀ yín. Òṣìṣẹ́ tó wo tiwa ṣí fíríìjì, ó ṣí abẹ́ síńkì, ó tún padà wá béèrè igi ìdáná lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ má gbé igi ìdáná sọdá rárá, torí kòkòrò inú rẹ̀ ló ń pa igbó; ibi tí ẹ bá ti máa dá a ni kí ẹ ti rà á. Ata tí wọ́n ń fín sójú èèyàn, ohun ìjà tí òfin kà léèwọ̀ ni ní Kánádà. Èyí tí wọ́n ń fín sí béárì kò ní wàhálà bí ara agolo bá sọ ọ́ kedere pé ti ẹranko ni. Ìbọn ìléwọ́, ẹ fi í sílé. Igbó mímu bófin mu ní Kánádà, ó sì bófin mu ní Montana, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ ni láti gbé e kọjá bọ́dà, ì báà jẹ́ lálọ tàbí lábọ̀. Èso àti ẹran tútù, ẹ jẹ́ kó kéré lọ́wọ́ yín kí ẹ sì sọ ohun tó bá kù. Ẹni tó bá ti jẹ̀bi wíwa ọkọ̀ pẹ̀lú ọtí lójú rí, kó yanjú rẹ̀ kó tó gbéra, nítorí wọ́n lè dá a padà.

Ní ti ìwé: ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ ẹni tó háyà ọkọ̀ fún yín pé ó gbà kí ẹ wọ Kánádà, kí ẹ sì gba káàdì ìnṣọ́ránsì tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó ní gíríìnì káàdì kò nílò físà Kánádà, àmọ́ káàdì náà àti pásípọ́ọ̀tù tí kò tíì kú gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́. Ẹni tó bá wà ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú físà àbẹ̀wò lórí pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba físà Kánádà ṣáájú, kó sì wo físà Amẹ́ríkà rẹ̀ dáadáa bóyá ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló lè fi wọlé. Bí òbí kan ṣoṣo bá ń kó àwọn ọmọ sọdá, kó mú lẹ́tà òbí kejì dání.

Bí ẹ bá ti sọdá, kìlómítà ni wọ́n fi ń ka eré. 90 tí ẹ bá rí lójú ọ̀nà kò tó máìlì 56. Láti Waterton, ẹ gba Highway 6 sí Pincher Creek, kí ẹ gba 22 gòkè títí ẹ ó fi bọ́ sí Highway 1 tó lọ sí Banff. Ọjọ́ kan ni.

Ní Banff àti Lake Louise, bákan náà lọ̀rọ̀ rí: ẹ gúnlẹ̀, kí ẹ fi bọ́ọ̀sì rìn. Láti ọdún 2023 ni wọn kò ti gba ọkọ̀ aládàáni láyè lórí ọ̀nà Moraine Lake mọ́. Bọ́ọ̀sì ni, irú bíi ti Parks Canada, àjọ tó ń bójú tó àwọn páàkì Kánádà, ẹ sì gbọ́dọ̀ ti gba àyè sílẹ̀. Ibùdó Lake Louise ní apá tó jẹ́ ti ọkọ̀ olórùlé líle nìkan, àwọn alágọ̀ọ́ aṣọ sì wà nínú ọgbà tí wọ́n fi wáyà iná yí ká nítorí béárì. Ẹ má fi oúnjẹ, ìkòkò tàbí gírìlì sílẹ̀ níta, kódà fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Béárì tó bá tọ́ oúnjẹ èèyàn wò, pípa ni wọ́n sábà máa ń pa á nígbẹ̀yìn, ọ̀rọ̀ yẹn sì máa ń dùn mí gan-an. Mítà 100 ni kí ẹ fi jìnnà sí i.

Lẹ́yìn náà ni Icefields Parkway, nǹkan bí kìlómítà 230 láti Lake Louise dé Jasper. Ẹ kún tánkì kí ẹ tó wọ̀ ọ́, nítorí Saskatchewan River Crossing nìkan lẹ ti lè rí epo lójú ọ̀nà, kì í sì í ṣí yípo ọdún. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí níbi tó pọ̀ jù, nítorí náà ẹ gba máàpù sórí fóònù ṣáájú. Ẹ má wà á tán lọ́jọ́ kan bí ẹ bá lè sùn nítòsí Columbia Icefield, pápá yìnyín ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà náà. Òtútù ibẹ̀ kì í ṣeré: ẹ yọ rọ́bà omi kúrò lálẹ́, kó má dì mọ́ ẹnu ẹ̀rọ. Bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, gíà kékeré ni kí ẹ lò látòkè wá. Ẹ má gbé ẹsẹ̀ lé bíréèkì títí á fi máa rùn. Jasper ṣì rẹwà, àmọ́ iná ìgbẹ́ oṣù Keje 2024 jó apá kan ìlú náà àti ọ̀pọ̀ igi, ẹ má retí ibòji bíi ti àwòrán àtijọ́.

Fún àbọ̀, ẹ má tọ ipa kan náà. Ẹ gba Highway 93 gúúsù la páàkì Kootenay kọjá sí Radium, ẹ rọra níbi tó ti da gẹ̀rẹ́ wọ ìlú, lẹ́yìn náà Cranbrook, kí ẹ sì kọjá bọ́dà ní Roosville, tó ń ṣí tọ̀sán tòru, padà sí Whitefish.

Tó bá jẹ́ èmi ni, mo máa sun oru mẹ́ta ní Glacier, méjì ní Waterton, mẹ́rin láàárín Banff àti Lake Louise, ọ̀kan nítòsí yìnyín, méjì ní Jasper, méjì lójú ọ̀nà àbọ̀. Àyè sísùn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà, kí ẹ tó sanwó ọkọ̀: Glacier ń ta ọ̀pọ̀ àyè rẹ̀ ní oṣù mẹ́fà ṣáájú lórí Recreation.gov, Parks Canada ń ṣí tirẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ọdún, páàkì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọjọ́ tirẹ̀, àwọn ti oṣù Keje sì ń tán wéré. Bí ẹ kò bá rí oṣù Keje gbà, ẹ wo ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án tí ilé ìwé àwọn ọmọ bá gbà. Èrò á ti dín kù, Chief Mountain á sì ṣì wà ní ṣíṣí. Ẹ sọ gígùn tí téèpù bá fi hàn fún mi àti àwọn oru tí ẹ bá rí gbà, màá bá yín tò ó lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan.