Ariwo kan náà lára mátíríìsì mẹ́ta

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Mo kó mátíríìsì (tábìlì nọ́ńbà) mẹ́ta sínú list kan nínú Python: méjì jẹ́ 3×3, ẹ̀kẹta 5×2. Mo fẹ́ da ariwo díẹ̀ (nọ́ńbà kéékèèké tí a kò lè sọ tẹ́lẹ̀) mọ́ ọn kí n fi dán ètò mi wò. Inú loop (àṣetúnṣe tó ń mú mátíríìsì lọ́kọ̀ọ̀kan) ni mo kọ default_rng(7) sí, ìyẹn irinṣẹ́ NumPy tó ń pèsè nọ́ńbà ariwo. Ó ṣiṣẹ́, àmọ́ ariwo ara méjì àkọ́kọ́ bára mu pátápátá. Kí ló fà á? (Akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì)

Ìdáhùn: Àbúrò, inú loop yẹn gan-an lẹjọ́ wà. Ìṣirò ni NumPy, àkójọ irinṣẹ́ ìṣirò fún Python, fi ń pèsè nọ́ńbà wọ̀nyí; ibi kan náà ni 7 máa ń ti bẹ̀rẹ̀. O sọ ọ́ di apàlọ́ tó ń padà sí “Ààlọ́ o!” nígbàkúùgbà tí ọmọ mìíràn bá wọlé. Tún ẹ̀kẹta wò dáadáa: nọ́ńbà mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ nínú ariwo rẹ̀, ti àwọn méjì yẹn ni. Ìrísí 5×2 ló bò ó mọ́lẹ̀.

Gbé default_rng(7) jáde síta loop, ẹ̀ẹ̀kan péré (akojo ni list rẹ):

rng = np.random.default_rng(7)
tuntun = [A + rng.normal(0, 0.01 * A.std(), A.shape) for A in akojo]

Àwọn kan á ní kó o kàn yọ 7 kúrò. Yóò ṣiṣẹ́, àmọ́ èmi ò fara mọ́ ọn: tí èsì bá rú ọ lójú lọ́la, o ò ní rí ariwo ọ̀hún mọ́.

Má gbàgbé A.shape. Láìsí i, nọ́ńbà ẹyọ kan ni normal máa mú wá, òun náà ni yóò sì rò mọ́ gbogbo àyè inú mátíríìsì. A.std() ní tirẹ̀ ń wo bí nọ́ńbà mátíríìsì kọ̀ọ̀kan ṣe fọ́n ká, torí 0.01 lásán kò jẹ́ nǹkan kan lára nọ́ńbà ẹgbẹẹgbẹ̀rún, bẹ́ẹ̀ ló lè bo 0.001 mọ́lẹ̀.

Tí 3×3 rẹ bá jẹ́ èyí tí òkè dáyágónà rẹ̀ bá ìsàlẹ̀ mu, ariwo yìí á bà á jẹ́. Pe ariwo tí normal mú wá ní E, kó o sì kọ́kọ́ sọ ọ́ di (E + E.T) / 2 kó o tó rò ó mọ́ A; E.T ni E tí ìlà rẹ̀ di òpó. Má retí pé eigh, irinṣẹ́ NumPy tó ń wá eigenvalue irú mátíríìsì bẹ́ẹ̀, yóò pariwo tó o bá gbàgbé: ìlàjì ìsàlẹ̀ nìkan ló máa ń kà, á sì fún ọ lésì bí ẹni pé kò sóhun tó ṣe òkè.