Ẹ Bi Ìyá Onítẹ̀wé: Ìwé tí mo bá fún ayé lọ́fẹ̀ẹ́, ṣé tèmi ṣì ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí. Mo kọ ìwé kékeré kan fún àwọn ọmọ kíláàsì kẹta, ojú ewé 48, àlọ́ Ìjàpá mẹ́fà pẹ̀lú ìbéèrè lábẹ́ wọn. Mo fẹ́ fi PDF rẹ̀ sórí WhatsApp kí tíṣà yòówù lè lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n má dán an wò, pé ohun tó bá ti bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní oníǹkan mọ́, wọn á tẹ̀ ẹ́ tà, wọn á sì fi orúkọ ẹlòmíràn sí i. Ṣé òótọ́ ni? Orí Google ni mo ti kó àwọn àwòrán inú rẹ̀. *Tíṣà, Ìṣẹ́yìn*

Ìdáhùn: Tíṣà mi, ẹ kú iṣẹ́ àwọn ọmọ. Ọ̀rẹ́ yín sọ òótọ́ kan, ó sì fi irọ́ kan tì í. Òótọ́ ni pé wọ́n lè fi orúkọ ẹlòmíràn sí i. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà rí. Mo ya fọ́tò ìyá aláró kan ní Abẹ́òkúta, ọwọ́ rẹ̀ dúdú títí dé ìgúnpá. Nígbà tí ọdún parí, mo lọ dirun, ni mo bá rí fọ́tò mi lórí kàlẹ́ńdà ilé iṣẹ́ kan lára ògiri onídìrí. Mo wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ títí: orúkọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ wà níbẹ̀, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ wà níbẹ̀, tèmi kò sí. Odidi wákàtí mẹ́ta ni mo fi jókòó tì í.

Irọ́ ibẹ̀ ni pé kò ní oníǹkan mọ́. Òfin kọ́píráìtì wa, òfin tó dáàbò bo ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé lórí iṣẹ́ rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní ti 2022, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta 2023, kò ní kí ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ níbì kankan kí ìwé yín tó jẹ́ tiyín. Bí ẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀, ó ti di tiyín nìyẹn, yóò sì wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ yín fún 70 ọdún lẹ́yìn tí ẹ bá lọ, kí Ọlọ́run fi yín pẹ́ fún wa. Àlọ́ Ìjàpá fúnra rẹ̀, gbogbo wa la ni ín. Gbólóhùn yín àti ìbéèrè yín ni tiyín. Àmọ́ bó bá jẹ́ inú ìwé ẹlòmíràn lẹ ti dà á kọ ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbé e síta.

Ibi tí ọ̀rẹ́ yín kò wò rèé. Bí ẹ kò bá kọ ohunkóhun sínú PDF yẹn, tíṣà olóòótọ́ kan ní Ṣakí tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ fún gbogbo ilé ẹ̀kọ́ wọn kò ní mọ̀ bóyá ẹ gbà. Á máa bẹ̀rù. Olè ní tirẹ̀ kò ní bi ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ẹ fẹ́ ṣe lóore gan-an ni ìdákẹ́jẹ́ yín máa dí lọ́nà.

Nítorí náà, ẹ kọ àṣẹ náà sílẹ̀. Láti 2002 ni ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Creative Commons (CC) ti ń gbé ìwé àṣẹ jáde tí ẹnikẹ́ni lè lò láìsanwó. BY ni kí wọ́n dárúkọ ẹni tó ṣe é. SA ni pé ẹni tó bá tún un ṣe gbọ́dọ̀ fi irú àṣẹ kan náà gbé tirẹ̀ jáde. NC ni kí wọ́n má fi ṣòwò. Èmi á ní kí ẹ mú BY-SA, kí ẹ sì fi NC sílẹ̀. Mo mọ̀ pé èyí á dun ọ̀rẹ́ yín. Ṣùgbọ́n ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi ka ìwé àtẹ̀yẹ̀wò fún àwọn onítẹ̀wé ní Mọ́kọ́lá, mo sì mọ ẹni tó ń gbé ìwé dé abúlé tí kò sí dátà: ọkùnrin tó di í sẹ́yìn ọ̀kadà, tó ń tà á lọ́jọ́ ọjà. Bó bá jèrè díẹ̀ tí orúkọ yín sì wà lórí rẹ̀, kí ló burú níbẹ̀? NC á lé e dànù. Wikipedia Yorùbá náà, BY-SA ló ń lò, kò sì ní gba ohun tó bá ní NC.

Ẹ kọ ọ́ sí ojú ewé kejì báyìí: “Èmi Lágbájá ni mo kọ ìwé yìí. Ẹ lè dà á kọ, ẹ lè tẹ̀ ẹ́, ẹ lè tún un ṣe, ẹ lè tà á, bí ẹ bá ti dárúkọ mi, tí ẹ sọ ohun tí ẹ yí padà, tí ẹ sì fi àṣẹ kan náà gbé tiyín jáde. CC BY-SA 4.0.” 4.0 yẹn ni nọ́ńbà ẹ̀dà ìwé àṣẹ náà. Kí ẹ fi àdírẹ́sì rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tì í. Lẹ́yìn náà, kí ẹ tẹ orúkọ yín sí ìsàlẹ̀ gbogbo ojú ewé, kí ẹni tó bá fẹ́ yọ ọ́ ṣiṣẹ́ ẹ̀ẹ̀mejìdínláàádọ́ta. Ẹ ronú dáadáa kí ẹ tó ṣe é o, torí àṣẹ yìí kò ṣeé gbà padà lọ́wọ́ ẹni tó bá ti gbà á.

Ti àwòrán ńkọ́? Google kàn ń júwe ilé ni, òun kọ́ ló nilé. Ẹ yọ gbogbo wọn. Ẹ wá èyí tí ẹ lè lò lórí Wikimedia Commons, ibi tí wọ́n ń kó àwòrán tó ní àṣẹ ìlò ọ̀fẹ́ jọ sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Orúkọ ẹni tó yà á àti irú àṣẹ tó fún ni wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ méjèèjì. Tàbí kí ọmọ kíláàsì yín kan yà á, kí àwọn òbí rẹ̀ sì gbà. Ẹsẹ̀ Ìjàpá lè di márùn-ún, kò sẹ́ni tó máa fi ìyẹn gbé yín lọ sílé ẹjọ́.

Ìbéèrè: Ẹ kúulé, Mà. Bàbá mi fi ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ sílẹ̀ fún mi, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń já, pẹ̀lú ìwé Fágúnwà kan. Ṣé mo lè ya ojú ewé wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ará ilé wa níbi gbogbo lè kà wọ́n? *Ọmọ Bàbá Olùkà, Peckham*

Ìdáhùn: Ti Johnson, bẹ́ẹ̀ ni. Ó parí ìwé yẹn ní 1897, ó sọnù mọ́ àwọn tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ní ìlú yín níbẹ̀, òun náà sì kú ní 1901. Inú àjákù ìwé tó fi sílẹ̀ ni Obadiah àbúrò rẹ̀ ti tún un kọ. Obadiah kú ní 1920, ìwé jáde ní 1921. Àádọ́rin ọdún ti kọjá lórí àwọn méjèèjì tipẹ́. Kìkì pé bí ẹlòmíràn bá kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú tuntun sí ẹ̀dà tiyín, ẹ fò ó.

Ti Fágúnwà, rárá. Oṣù Kejìlá 1963 ló kú, títí 2033 fi máa parí, ó ṣì ní oníǹkan, ní Nàìjíríà àti ní London. Ẹ ra ẹ̀dà tuntun ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé.

Ẹ má gé ẹ̀yìn ìwé Johnson yẹn nítorí pé ẹ fẹ́ yà á. Ẹ tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé lọ́sàn-án, kí ẹnìkan di ewé mú, kí ẹ̀yin máa fi fóònù yà á. Bí bàbá yín bá fi yíǹkì kọ nǹkan sí etí ìwé, ẹ má bò ó, ẹ yà á mọ́ ọn.