Ẹ má fọwọ́ pa jíìpù náà lójú ẹni tó ń tà á

Àbúrò mi, ẹ kú ìrònú o. Ẹ ní ẹ̀yin, ìyàwó, ọmọ mẹ́rin àti màmá yín lẹ máa máa wọ̀ ọ́, pé Ọ̀yọ́ lẹ̀ ń gbé, pé ẹ ti rí jíìpù tókunbọ̀ alájókòó méje kan ní Ìbàdàn, ẹni tó ń tà á sì ti ní jálẹ̀ rẹ̀ nìyẹn, òun ò lè yọ kọ́bọ̀. Ẹ ní inú ìyàwó yín ti dùn sí i, ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ kúkú san án, tàbí kí ẹ gba tuntun tíà-rọ́bà tí ẹ ó máa san díẹ̀díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì san án. Jíìpù méjì ni mo ti rà láti Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ọ̀kan ní 2015, ọ̀kan ní 2021. Èkíní fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé òwò mi lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí tó gùn tó báyìí.

Léèsì àti àǹkárá ni mò ń tà, ní Arówómọlé. Nídìí aṣọ, mo mọ oníbàárà tó ti ra ọjà kó tó yọwó. Á wọlé, á wo ọ̀kan, á gbé e sílẹ̀, á wo òmíràn. Tó bá tún padà sídìí àkọ́kọ́, tó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á, tó gbé e lé èjìká tó wo ara rẹ̀ nínú dígí, ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹ̀dín tí mo fẹ́ ṣe fún un tẹ́lẹ̀, mi ò ní ṣe é mọ́. Kì í ṣe ìkà, bí ọjà ṣe rí nìyẹn.

Gbogbo ohun tí mo mọ̀ yìí, mo fi sílẹ̀ sílé lọ́jọ́ tí mo lọ ra ọkọ̀ ní 2015. Mo kó àwọn ọmọ dání. Àbíkẹ́yìn mi gun ìjókòó ẹ̀yìn, ó ní òun ò sọ̀kalẹ̀ mọ́. Èmi fúnra mi dúró tì í, mò ń fọwọ́ pa bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọkùnrin tó ń tà á ń wò wá. Nínú ₦1,950,000, ₦50,000 péré ló yọ.

Ti mẹkáníìkì ló wá burú jù. Ẹni tó júwe ọkọ̀ fún mi ló tún bá mi mú mẹkáníìkì wá. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tẹ iná mọ́ ọn, ó ní, "Màmá, ẹ́ńjìnnì yìí ò ní wàhálà kankan." Ìgbà tó yá ni mo tó gbọ́ pé ẹni tó ta ọkọ̀ ló sanwó iṣẹ́ ọjọ́ náà fún un. Kò tó oṣù mẹ́ta tí gíà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Alẹ́ ọjọ́ kan, mò ń bọ̀ láti Ìbàdàn pẹ̀lú ẹrù àti ọmọ méjì, a ti kọjá Ọ̀yọ́, mo tẹ iná, ẹ́ńjìnnì ń ké, ọkọ̀ ò lọ. Ẹ mọ bí ọ̀nà yẹn ṣe rí lálẹ́. Ọkọ̀ akẹ́rù ló gbé wa délé. Owó tí mo fẹ́ fi kó ọjà Iléyá ni mo fi tún gíà ṣe, ọjà ọdún yẹn sì kọjá mi lórí.

Ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde. Nígbà tí mo fẹ́ ra èkejì, oṣù méjì ni mo fi béèrè owó kí n tó kúrò nílé. Mo ti mọ ohun tí mò ń wá: Toyota Highlander 2010, oní-pílọ́ọ̀gì mẹ́rin, tó ní ìlà ìjókòó kẹta lẹ́yìn, torí kì í ṣe gbogbo wọn ló ní in. Mo pe ẹni mẹ́ta ní Ìbàdàn, méjì ní Ìlọrin, ọ̀kan ní Èkó. Mo wo orí Jiji, ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì, náà, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni iye tí wọ́n ń pè, kì í ṣe iye tí ẹnikẹ́ni san. Gbogbo rẹ̀ ni mo kọ sínú ìwé tí mo fi ń kọ gbèsè oníbàárà. Ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé láàárín ₦5,300,000 sí ₦6,200,000 ni wọ́n ń pè é nígbà yẹn. Ẹ má fi iye 2021 díwọ̀n tòní o. Láti oṣù kẹfà 2023 tí wọ́n ti jẹ́ kí ọjà fúnra rẹ̀ máa pe iye dọ́là, iye tí wọ́n sọ fún yín lóṣù tó kọjá lè má bá tòní mu. Ẹ béèrè lákọ̀tun.

Lẹ́yìn náà ni mo ṣírò iye tí ọkọ̀ máa jẹ́ tó bá ti dúró síwájú ilé mi. Nọ́ńbà àti ìwé, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì gíà, táyà, owó mẹkáníìkì, epo àbọ̀, ìnṣọ́ráǹsì (tẹ́ẹ̀dì-pátì ti ọkọ̀ ilé, ₦5,000 ni nígbà yẹn, ó ti di ₦15,000 láti oṣù kìíní 2023). Mo yọ gbogbo wọn kúrò nínú owó tó wà nílẹ̀. Èyí tó kù, ₦5,400,000, ni mo fi hàn ọkọ mi, a sì fẹnu kò pé a ò ní kọjá rẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn tó gbọ́ iye yẹn, pàápàá àwọn alágbàtà tó ń bá wa wá ọkọ̀ kiri. Owó alágbàtà wà nínú iye tí wọ́n ń pè fún yín, ìgbà mìíràn alágbàtà méjì ló wà láàárín yín àti ẹni tó ni ín. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo máa ń bi wọ́n ni, "Ṣé ẹ̀yin lẹ ni ín?" Tí wọ́n bá ti ń fa ọ̀rọ̀, mo mọ̀ pé ẹnìkan ṣì wà lẹ́yìn.

Ẹ gba nọ́ńbà ṣáàsì kí ẹ tó gbéra. Àmì 17 ni. Ẹ máa rí i láti ìta, nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú lọ́wọ́ ẹni tó ń wakọ̀, ó tún wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ férémù ilẹ̀kùn, méjèèjì sì gbọ́dọ̀ bára mu. Nínú ọkọ̀ tó bá ti Amẹ́ríkà wá, àmì kẹwàá ló ń sọ ọdún: 8 ni 2008, 9 ni 2009, A ni 2010, B ni 2011, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ. Ọkọ̀ kan wà tí wọ́n pè fún mi ní 2010, àmì kẹwàá rẹ̀ jẹ́ 8. Mi ò wọkọ̀ lọ síbẹ̀ rárá. Ẹ tún tẹ nọ́ńbà náà sórí Google. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ti ta ọkọ̀ náà ní gbàǹjo lọ́hùn-ún, fọ́tò bó ṣe rí nígbà náà lè jáde. Ti èyí tí mo rà jáde: bọ́ńpà iwájú ti fọ́, iná ọ̀tún ti já, ṣùgbọ́n èábáàgì ò bẹ́. Mo tẹ fọ́tò náà sórí ìwé, mo ká a sínú báàgì mi.

Mẹkáníìkì tèmi ni mo mú láti Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni tó ń tún ọkọ̀ àbúrò mi ṣe láti ọjọ́ pípẹ́. Mo sanwó ọjọ́ náà fún un kí a tó kúrò nílé, mo sì sọ fún un pé bí mo rà á, bí mi ò rà á, owó rẹ̀ kò ní yí padà. Ẹ má fi ìyẹn ṣeré. Ẹni tó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá ra ọkọ̀ ló tó máa rí nǹkan gbà, ojú rẹ̀ kò ní rí àbùkù.

Àárọ̀ kùtù la débẹ̀, a ò pe ẹni tó ń tà á títí a fi dé ẹnu géètì. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo ní kí ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì nìyí. Tó bá gbóná, wọ́n ti tan ọkọ̀ kí ẹ tó dé, wọn ò fẹ́ kí ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún tó bá sùn tó jí. Tiwa tutù. Ẹ́ńjìnnì jí lẹ́ẹ̀kan, èéfín ò bá a jáde. Mẹkáníìkì tẹ bíréèkì, ó ti gíà sẹ́yìn, ó tì í síwájú, ó ń tẹ́tí bóyá ọkọ̀ á ta kìjí. Èmi fa bẹ́líìtì ìjókòó kọ̀ọ̀kan títí ó fi tán nínú ilé rẹ̀, torí ọkọ̀ tí àgbàrá ti wọ̀, wọ́n lè fọ ìjókòó rẹ̀ kó máa ta sánsán, ẹrẹ̀ á ṣì wà nísàlẹ̀ bẹ́líìtì níbi tí ojú kì í dé. Mo jókòó sí ìjókòó kẹta fúnra mi, orókún mi ń kan tiwájú. Ẹ jẹ́ kí màmá yín dán ibẹ̀ wò lọ́kàn yín kí ẹ tó sọ pé ẹni méje gbà. Lẹ́yìn náà a gbé e jáde lọ sójú ọ̀nà tó ní kòtò. Ṣọ́ọ̀kù ọwọ́ òsì lẹ́yìn ń dún gbì, gbì. Mẹkáníìkì wò mí, kò sọ nǹkan kan. Bí mo ṣe kọ́ ọ nìyẹn.

Nígbà tí a padà dé, ọkùnrin náà ní ₦5,950,000. Mo dákẹ́. Mo ń wo ìwé ọwọ́ mi. Ó ní, "Màmá, èló lẹ mú wá?" Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ná." Mo mú fọ́tò jáde, mo tẹ́ ẹ sórí bẹ́ǹṣì láàárín wa. Mo sọ iye tí ṣọ́ọ̀kù méjì ń jẹ́, mo sọ iye táyà méjì tó ti gbó. Mi ò bú ọkọ̀ náà o, mo tiẹ̀ sọ fún un pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dára. Ẹni tó bá ń bú ọjà tó fẹ́ rà ń bí olówó ọjà nínú ni, a máa ń mọ̀ pé irọ́ ni. Mo wá dá ₦4,700,000.

Bí mo ṣe gòkè láti ibẹ̀ ni kí ẹ fiyè sí. Mo fi ₦250,000 kún un, lẹ́yìn náà ₦150,000, lẹ́yìn náà ₦100,000, lẹ́yìn náà ₦50,000. Òun náà ń sọ̀kalẹ̀. Tí oníbàárà bá fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà níwájú mi, mo mọ̀ pé owó ṣì wà lábẹ́ tòbí. Àmọ́ tí àfikún rẹ̀ bá ń kéré sí i, èmi tí mò ń tajà á mọ̀ pé ó ti ń kan ìsàlẹ̀ àpò. Nígbà tó dé ₦5,450,000, ó ní òun ò lè lọ mọ́. Èmi wà ní ₦5,250,000. Mo dìde, mo dúpẹ́, mo sì ń lọ lóòótọ́.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí fún yín: ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ yẹn, mo ti dìde bẹ́ẹ̀ nídìí ọkọ̀ mìíràn, kò sẹ́ni tó pè mí padà. Wọ́n tà á fún ẹlòmíràn. Ó dùn mí, mi ò sùn dáadáa lọ́jọ́ náà. Torí náà tí ẹ bá máa dìde, ẹ dìde nítorí pé iye náà kọjá ohun tí ẹ kọ sílẹ̀, kì í ṣe láti fi dẹ́rù bà á.

Eléyìí pè mí padà lẹ́nu géètì. A parí rẹ̀ sí ₦5,300,000. Ìgbà tí owó ò lè sọ̀kalẹ̀ mọ́ ni mo béèrè èènì: táyà méjì, bátìrì tuntun, àti kọ́kọ́rọ́ kejì. Ó fún mi ní bátìrì àti kọ́kọ́rọ́, ó fi táyà kan kún un. Ẹ má gbójú fo kọ́kọ́rọ́ o. Ọ̀pọ̀ tókunbọ̀ ló jẹ́ ẹyọ kan ni wọ́n fi ń bá a wá, èyí tó ní nǹkan nínú tó ń bá ọkọ̀ sọ̀rọ̀ kì í sì í ṣe nǹkan pọ́ọ́kú láti gé.

Ní ti tíà-rọ́bà, n kò rà á rí, ṣùgbọ́n mo bá ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lọ rà á. Iye ara rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí, àwọn ohun tó yí i ká lẹ máa nájà lé lórí. Ẹ béèrè bóyá VAT (owó-orí ọjà) 7.5% wà nínú iye tí wọ́n pè. Ẹ béèrè ọjọ́ tí iye orí ìwé wọn máa kú. Ẹ béèrè bóyá èyí tó jẹ́ ti ọdún tó kọjá ṣì wà nílẹ̀, torí wọ́n máa ń fẹ́ kó kúrò. Ẹ ní kí wọ́n fi nọ́ńbà àti sáfíìsì àkọ́kọ́ kún un, kí wọ́n sì sọ ibi tí ẹ ó ti máa ṣe sáfíìsì kí wàráńtì má baà bàjẹ́, torí láti Ọ̀yọ́, bí ẹ ò bá lọ sí Ìbàdàn, Ìlọrin ni. Ti sísan díẹ̀díẹ̀, ẹ má dárúkọ rẹ̀ títí ẹ ó fi parí iye ọkọ̀. Tí ẹ bá ti ní "èló loṣù kan?", oṣù ni wọ́n máa nà fún yín, àpapọ̀ á farapamọ́. Èlé banki náà wúwo: ní oṣù kọkànlá 2024, CBN, banki àpapọ̀ Nàìjíríà, gbé èlé tiwọn fúnra wọn dé 27.5%, ti banki sì máa ń ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ẹ bá wà nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ níbi iṣẹ́, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè.

Èyí tí ẹ rí ní Ìbàdàn yẹn, ẹ má pe ọkùnrin náà fún ọjọ́ mélòó kan. Tí ẹ bá wá pè é, ẹ ní kí ó fi nọ́ńbà ṣáàsì àti fọ́tò ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù ránṣẹ́ ná, kí ẹ wò ó bóyá nọ́ńbà méjèèjì jọra. Ẹ má san kọ́bọ̀ ṣáájú. Lọ́jọ́ tí ẹ bá máa san, àkáùǹtì tó bá orúkọ orí rìsíìtì mu ni kí ẹ san án sí. Kí ìyàwó yín má bínú sí mi, ṣùgbọ́n ẹ fi òun àtàwọn ọmọ sílé lọ́jọ́ yẹn. Tí ọkọ̀ bá ti wọ ọgbà yín tán, kí wọ́n wá fọwọ́ pa á.