Ìyá Olùkọ́, iṣẹ́ wo lo ń kọ́ ọmọ yìí?

Ìwé kékeré tí ọmọ rẹ ọkùnrin ń kọ orúkọ ènìyàn sí yẹn, ta ló rà á fún un? Mo bi ọ́ nítorí pé nínú gbogbo lẹ́tà gígùn tí o kọ sí mi, gbólóhùn díẹ̀ péré ni o fi mẹ́nu bà á, o sì sọ ọ́ bí ẹni tó ń fi ọmọ yangàn.

Kí ẹ̀yin tó ń kà á lè mọ ohun tí à ń sọ: ìyá kan láti Ọbáńtokò ní Abẹ́òkúta, tó pe ara rẹ̀ ní Ìyá Olùkọ́, ló kọ̀wé sí mi. Ó ti yọ àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò nílé ìwé, inú ilé ló ti ń kọ́ wọn. Ó ní ìwà àwọn ọmọ iléèwé ti bàjẹ́, pé òun ni Ọlọ́run fi ọmọ jíǹkí, òun náà ló sì máa bi nípa wọn lọ́jọ́ ìkẹyìn, kò ní bi tíṣà kankan. Àwọn ìyá ìjọ wọn ń sọ ọ́ lẹ́yìn. Wọ́n ní ó rò pé òun mọ́ ju àwọn lọ. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé èsì wo ni kí òun máa fún wọn, àti pé ṣé kí òun kúkú kúrò nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá kí ọkàn òun lè balẹ̀. Àárín ọ̀rọ̀ yìí ló ti wá kọ ọ́ pé: "Kódà Màmá, èyí ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ní ìwé kan tó ń kọ orúkọ àwọn ará àdúgbò àti ẹ̀ṣẹ̀ wọn sí, kó lè máa fi wọ́n sínú àdúrà. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé Rámọ́tà ń wọ ṣòkòtò, pé bàbá tó ń lẹ táyà ní ìkóríta kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, pé ìyá mi jẹ ẹran Iléyá. Ẹ̀rín pa mí."

Ẹ̀rín pa ọ́. Èmi ò rẹ́rìn-ín o.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ń ṣọ́ ìyá tó bí ìyá rẹ̀ lẹ́nu, ó wo ẹran tó ń jẹ, ó lọ kọ ọ́ sílẹ̀, ìwọ wá ń bi mí léèrè ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ àwọn ìyá. O fi ètè sílẹ̀, o ń pa làpálàpá.

Bí ọmọ tó ń lọ sílé ìwé bá gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wálé, ohun tí a ó kọ́kọ́ bi í ni pé ta ló kọ́ ọ. A ó fura sí tíṣà, a ó fura sí ọmọ tó jókòó tì í ní kíláàsì, a ó fura sí fóònù. Ọmọ tìrẹ kò ní tíṣà mìíràn. Kò sí ẹni tó ń jókòó tì í bí kò ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀. Ìwọ fúnra rẹ lo sọ fún mi pé ẹ ti yọ tẹlifíṣọ̀n kúrò ní pálọ̀. Ta ló wá kù tí a fẹ́ bi? Ẹnu rẹ ni ọmọ yìí ti gbọ́ gbogbo ohun tó mọ̀ nípa ẹ̀ṣẹ̀ ọmọlàkejì: nídìí oúnjẹ, nínú mọ́tò nígbà tí ẹ bá ń ti ìsìn bọ̀, nígbà tí ìwọ àti bàbá rẹ̀ bá ń sọ̀rọ̀ lóru tí ẹ rò pé ó ti sùn.

O kọ àtẹ iṣẹ́ yín ránṣẹ́ sí mi. Aago méje ẹ̀kọ́ Bíbélì, aago mẹ́jọ ìṣirò, aago mẹ́wàá Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá. Ó dára. Aago mélòó lẹ fi ń kọ́ bí a ṣe ń dá ènìyàn lẹ́jọ́? Mi ò rí i níbẹ̀, síbẹ̀ òun ni iṣẹ́ tó yé ọmọ rẹ jù lọ.

Irú lẹ́tà yìí ń sú mi, mi ò ní tan ọ́. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ onígbàgbọ́ nìkan ló ti ń wá. Bàbá kan tó jẹ́ mùsùlùmí ti kọ irú rẹ̀ sí mi rí. Kì í jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ fẹnu kan ìrẹsì Kérésìmesì nílé àbúrò òun alára, ẹkún tó ń sun sí mi lọ́rùn ni pé àwọn ẹbí ń pe òun ní agbéraga. Ohun kan náà ni gbogbo yín ń béèrè: kí ni kí n sọ fún àwọn tó ń dá mi lẹ́jọ́? Ẹyọ ẹnì kan kò tíì bi mí pé, Màmá, báwo ni èmi náà ṣe ń dá àwọn tó yí mi ká lẹ́jọ́?

Pé o ń kọ́ ọmọ nílé, ìyẹn kò bí mi nínú rárá. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní UBE, ti ọdún 2004, ní gbogbo òbí gbọ́dọ̀ rí i pé ọmọ àwọn lọ sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti sẹ́kọ́ńdìrì kékeré, kó sì parí rẹ̀. Nítorí náà, gba ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ rẹ lọ, bi wọ́n bí ohun tí ò ń ṣe ṣe bá a mu, má fi pamọ́. WAEC ní ìdánwò fún ẹni tí kò sí nílé ìwé, èyí tí gbogbo wa ń pè ní GCE, ọ̀nà wà fún wọn níwájú. Ó tán.

Ẹ̀kọ́ ilé kì í sì í ṣe nǹkan tuntun nílùú tí o wà. Lọ wo Ìtokú, níbi tí wọ́n ti ń ṣe àdìrẹ. Ẹ̀gbẹ́ ìyá wọn ni àwọn ọmọ aláró ti kọ́ bí a ṣe ń po ẹ̀kọ láfún, tí a ń fi ìyẹ́ adìyẹ yàwòrán rẹ̀ sára aṣọ, kí a tó rì í sínú aró. Ṣùgbọ́n ìyá náà kò ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀. Alhaja wọlé wá ra aṣọ, ìyàwó pásítọ̀ wọlé, babaláwo ránṣẹ́ wá, ọmọ tó jókòó ti ìkòkò aró sì ń gbọ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń kí kálukú tó sì ń bọ̀wọ̀ fún un. Ìlàjì ẹ̀kọ́ náà nìyẹn. Ìlàjì yẹn ni o gé kúrò nínú tìrẹ.

O sọ fún mi pé o kó àwọn ọmọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́ ní Aké, o sì sọ ìtàn Àjàyí Crowther fún wọn. Ibo lo sọ ọ́ dé? Ṣé o sọ ti ìyá rẹ̀? Ọdún 1821 ni wọ́n kó Àjàyí lẹ́rú ní Òṣogùn, tí wọ́n sì já a gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ní ọdún 1846, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, òun àti Afálà ìyá rẹ̀ tún fojú kanra ní Abẹ́òkúta níbí. Nígbà yẹn àlùfáà ni ọmọ, wọ́n ti yàn án ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìyá kò tíì mọ Jésù. Kí ni àlùfáà ṣe? Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn di ara àwọn mú, àwọn ń wo ara àwọn, ẹnu kò lè sọ̀rọ̀, omijé ń ṣàn lójú ìyá. Ọdún 1848 ni Afálà tó ṣe ìrìbọmi, tí wọ́n sọ ọ́ ní Hánà. Láàárín ìgbà tí wọ́n pàdé sí ìgbà tó ṣe ìrìbọmi, ṣé o rò pé ọmọ rẹ̀ ń kọ ohun tó ń jẹ sílẹ̀? Bí ó bá jẹ́ ọmọ tìrẹ ló wà nínú ilé náà, kí ni ì bá kọ nípa Afálà?

Ẹran Iléyá yẹn náà, jẹ́ ká sọ ọ́. Ìwọ àti èmi mọ bí ó ṣe ń dé ilé onígbàgbọ́ ní Abẹ́òkúta. Ọmọ aládùúgbò gbé e wá nínú abọ́ tí wọ́n fi abọ́ mìíràn dé, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ìyá wa ní kí n gbé e wá, ẹ kú ọdún o." Ní oṣù Kejìlá, abọ́ náà á padà lọ pẹ̀lú ìrẹsì àti itan adìyẹ. Báyìí ni ìyá rẹ àti àwọn ará ilé ibẹ̀ ṣe gbé pọ̀ ní Ìbẹ̀rẹ̀kòdó kí o tó mọ àbídí. Bí ẹ̀rí ọkàn rẹ kò bá gbà ọ́ láyè láti jẹ ẹ́, má jẹ ẹ́. Mi ò ní fipá bọ́ ọ. Ṣùgbọ́n lọ ka lẹ́tà Pọ́ọ̀lù sí àwọn ará Róòmù, orí 14. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ gan-an ló wà níbẹ̀: kí ẹni tó ń jẹ má kẹ́gàn ẹni tí kò jẹ, kí ẹni tí kò jẹ náà má sì dá ẹni tó ń jẹ lẹ́jọ́. Bóyá ẹ kò tíì kà á dé ibẹ̀ ní aago méje.

Bàbá tó ń lẹ táyà ńkọ́? O sọ níwájú nínú lẹ́tà kan náà pé òun ló ti mọ́tò yín lọ́jọ́ tó kọṣẹ́ nínú òjò, tí kò sì gba kọ́bọ̀. Ọmọ rẹ kò kọ ìyẹn sílẹ̀, kò sì sí ẹni tó kọ́ ọ pé ó yẹ ní kíkọ.

Má fi pàṣán nà án o, má sì dáná sun ìwé náà níṣojú rẹ̀ bí ẹni pé òun ló dá a sílẹ̀. Pè é jókòó, sọ fún un pé ìwọ ìyá rẹ̀ lo ṣì í kọ́. Sọ ọ́ ní gbangba, kí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ gbọ́. Lẹ́yìn náà, wá ẹlòmíràn tí yóò máa kọ́ wọn ní nǹkan kan lọ́sẹ̀, ìlù ni o, bọ́ọ̀lù ni o, ẹni tí ẹ kò jọ ń lọ sí ìjọ kan náà. Má kúrò nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá. Ohun tí wọ́n sọ nípa rẹ dùn ọ́ nítorí pé òótọ́ wà níbẹ̀, o sì nílò àwọn tó lè sọ ọ́ sí ọ lójú.

Nǹkan kan wà tí o tún sáré kọjá. O ní láti ẹ̀yìn Iléyá ni ìyá rẹ kò ti yà sọ́dọ̀ yín mọ́, pé orúnkún ló ń dùn ún. Orúnkún yìí kò dùn ún kó tó di ìgbà náà? Àbí ọmọ ti ka ohun tó kọ sí i létí? Lọ bi í. Ìwọ nìkan ni kí o lọ, kí àwọn ọmọ dúró nílé, torí ẹ̀bẹ̀ lo fẹ́ lọ bẹ̀. Má gbé Bíbélì dání, má sì ṣàlàyé ìgbàgbọ́ rẹ fún un. Kúnlẹ̀, kí o sì jẹ́ kó bínú tẹ́rùn. Ọ̀sẹ̀ yìí ni kí o lọ, má dúró de ọdún.