Ọkọ mi ò jẹ́ kí ọmọ wa gba abẹ́rẹ́ èéyi

Ọmọ mi,

O kọ̀wé pé ọmọ yín ti tó gba abẹ́rẹ́ èéyi, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ fárígá. Ó ní nígbà tí ẹ̀gbọ́n ọmọ náà gba tirẹ̀, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni ara rẹ̀ gbóná janjan, àti pé òun kà á pé abẹ́rẹ́ náà ń fa autism, ìyàtọ̀ nínú bí ọpọlọ ọmọ ṣe ń dàgbà, tó ń kan bó ṣe ń sọ̀rọ̀ àti bó ṣe ń bá èèyàn ṣe. O wá bi mí bóyá kí o yọ́ gbé ọmọ lọ.

Má yọ́ lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń gba abẹ́rẹ́ yìí. Bí àṣírí èkíní bá tú, báwo lo ṣe fẹ́ dá ọ̀rọ̀ èkejì sílẹ̀?

Lójú tèmi, autism kọ́ ló ń ba ọkọ rẹ lẹ́rù. Òru tó fi ń gbé ọmọ tí ara rẹ̀ ń jó kiri ni. Òru yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ. Bi í pé kí ló rí, kí o sì jẹ́ kó sọ ọ́ tán. (Bí mo ṣe ka lẹ́tà rẹ, ìwọ náà kì í pẹ́ já lu ọ̀rọ̀.) Lẹ́yìn náà ni kí o ṣàlàyé: kòkòrò èéyi tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára ló wà nínú abẹ́rẹ́ yẹn. Ó ní láti pọ̀ díẹ̀ kí ara tó kọ́ bí yóò ṣe bá a jà, ìdí nìyẹn tí ibà fi máa ń dé ní bí ọjọ́ 6 sí 12, tó sì máa ń lọ láìpẹ́. Èéyi gan-an lè di òtútù àyà, ó lè fọ́ ọmọ lójú, ó sì lè wọ ọpọlọ.

Ti autism, dókítà kan, Andrew Wakefield, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló kọ ìwádìí tí ọ̀rọ̀ náà ti wá ní 1998, lórí ọmọ 12 péré. The Lancet, ìwé ìròyìn ìṣègùn tó gbé e jáde, fagi lé e ní 2010. Ní Denmark, wọ́n tọpa ọmọ tó lé ní 650,000. Autism ò pọ̀ lára àwọn tó gba abẹ́rẹ́ ju àwọn tí kò gbà á lọ. Má fi èyí bẹ̀rẹ̀ o. Ẹni tí a bá fi ìwádìí kọ lù kì í gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Ẹ jọ lọ bá nọ́ọ̀sì. Kí ọkọ rẹ fúnra rẹ̀ ròyìn ibà yẹn, kó béèrè oògùn tí ẹ máa lò bó bá tún wáyé. Bó bá ní òun á rò ó, gbà fún un, àmọ́ kí ẹ dá ọjọ́.

Ohun kan ṣoṣo ló lè mú mi yí ohùn padà: bí èéyi bá bẹ́ sílẹ̀ nítòsí yín. Ó lè wà nínú afẹ́fẹ́ yàrá fún wákàtí 2 lẹ́yìn tí alárùn ti jáde. Nígbà yẹn, sọ fún ọkọ rẹ lójúkojú pé o ń gbé ọmọ lọ lónìí, kí o sì lọ.