Má kọ nípa Áfíríkà, kọ nípa síláìdì tó wà níwájú ẹ

Àbúrò mi tó béèrè pé resident (dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ àkànṣe) lòun ní Lagos, láàbù òun ò ní sikánà, ẹ̀rọ tó ń ya síláìdì, ìyẹn gíláàsì tí wọ́n lẹ ẹran ara aláìsàn mọ́, sórí kọ̀ǹpútà, ṣé òun lè fi abstract (àkópọ̀ kúkurú nípa iṣẹ́ ìwádìí) ránṣẹ́ sí àpérò digital pathology (wíwo síláìdì lórí kọ̀ǹpútà láti mọ àrùn) lókè òkun kí wọ́n sì gbà kóun sọ̀rọ̀, kó má jẹ́ pósítà nìkan: o lè ṣe é. Èmi náà ò ní sikánà nígbà tí wọ́n gba tèmi. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọ́kọ́ ṣubú, ọ̀kan nínú méjèèjì sì jẹ́ ìwà òmùgọ̀ pátápátá, màá sọ ọ́ kí tìẹ má bàa rí bẹ́ẹ̀.

Ti àkọ́kọ́ ná. Mo jókòó, mo kọ abstract kan tó dùn ún kà, àkọlé ẹ̀ ni ipa tí digital pathology lè kó láwọn orílẹ̀-èdè tó ń dàgbà sókè. Mo ní pathologist, dókítà tó ń wo ẹran ara láti mọ àrùn, ò tó nílẹ̀ wa, mo ní èsì biopsy (ẹran ara tí wọ́n gé láti yẹ̀ wò) ń pẹ́, mo ní AI máa ràn wá lọ́wọ́. Kò sírọ́ ńbẹ̀ o. Ọ̀gá mi kà á, ó ní ó dáa. Wọ́n dá a padà, gbólóhùn kan péré lẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò kọ sí i: kí lẹ̀yin fúnra yín ṣe? Ó dùn mí gan-an, mo bínú fún bí ọ̀sẹ̀ kan, mò ń sọ pé àwọn òyìnbó yìí ò mọ nǹkan tójú wa ń rí, àfìgbà tí mo tún un kà tí mo wá rí i pé kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀ tẹ́ni tó jókòó sí Boston ò lè kọ láì dìde lórí àga. Ṣe ló dà bí ẹni tó wọ bọ́ọ̀sì ní Mushin tó wá ń ṣàlàyé fún kọ̀ńdọ́ pé gosiló máa ń wà ní Oshodi.

Torí náà má kọ nípa Áfíríkà, má kọ nípa ọjọ́ iwájú, kọ nípa nǹkan tọ́wọ́ ẹ kàn. Bóyá èèyàn lè wo síláìdì lórí kọ̀ǹpútà dípò máíkírósíkóòpù, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ jiyàn lórí ìyẹn mọ́, àtọdún 2017 ni FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn àti ẹ̀rọ ìṣègùn l'Amẹ́ríkà, ti fún ẹ̀rọ Philips láṣẹ pé kí pathologist máa fi kọ èsì àyẹ̀wò gangan. Tó o bá lọ bá wọn pé digital pathology wúlò, wọ́n á ní àwọn ti gbọ́. Nǹkan tí wọn ò mọ̀ ni bó ṣe ń rí tí NEPA bá mú iná nígbà tí sikánà ti dé àárín síláìdì.

Bí tèmi ṣe wá yí padà nìyí. Láàbù aládàáni kan ní Island ló ra sikánà, wọ́n ní ká máa wá lò ó ní Sátidé táwọn ò bá níṣẹ́. Mainland lèmi wà. Wò ó ná, Sátidé, àwọn olówáḿbẹ̀ ti dí gbogbo ọ̀nà pa, èmi rèé nínú bọ́ọ̀sì lórí Third Mainland Bridge pẹ̀lú àpótí síláìdì lórí itan, gbogbo ibi tí dírẹ́bà bá ti tẹ búrééki, àyà mi á já. Ká lè mọ̀ bóyá ti kọ̀ǹpútà bá ti gíláàsì mu, ìlànà College of American Pathologists, ẹgbẹ́ àwọn pathologist Amẹ́ríkà, la tẹ̀ lé, èyí tí wọ́n gbé jáde ní 2013 tí wọ́n tún ṣe ní 2021: ó kéré tán case 60, ẹnì kan náà á wo gíláàsì, á dúró ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì kó lè gbàgbé, á wá wo ti kọ̀ǹpútà, wọ́n á sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá nǹkan kan náà ló sọ nígbà méjèèjì. Tí ìbáramu ẹ̀ ò bá tó 95 nínú 100, kẹ́ ẹ wádìí ohun tó fà á. 60 kéré lórí ìwé. Gbé e gorí afárá yẹn ná.

Má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi 40x (bí sikánà ṣe ń sọ nǹkan di ńlá tó) yọ ẹ́ lẹ́nu tíṣẹ́ ẹ ò bá nílò ẹ̀. Ní 40x, pixel kan (ẹyọ tó kéré jù nínú àwòrán) sábà máa ń jẹ́ 0.25 micron (micron 1,000 ló wà nínú mílímítà kan), ní 20x ó jẹ́ 0.5. Tissue, ìyẹn ẹran ara, tó gùn ní mílímítà 15 tó sì fẹ̀ ní 15, ní 40x ó ti di pixel 60,000 lóròó, 60,000 níbùú, ìyẹn bílíọ̀nù 3.6, ó sì lé ní gigabyte 10 kí kọ̀ǹpútà tó fún un pọ̀. Ní 20x, ìdá kan nínú mẹ́rin ìyẹn ni. Ojúkòkòrò ló mú wa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 40x, háàdì dísìkì tí mo rà ní Computer Village kún kóṣù tó parí, la bá padà sí 20x, mo sì kọ ọ́ sínú abstract pé 20x la lò àti ìdí tá a fi lò ó. Kò sẹ́ni tó bú wa.

Nígbà tá a wá ń ka èsì la rí i pé ìbáramu tá à ń wá kiri yẹn gan-an kọ́ lọ̀rọ̀, gbogbo èèyàn ló ní ìbáramu. Ọ̀rọ̀ wà lára àwọn síláìdì tí sikánà kọ̀ jálẹ̀. Tó bá jẹ́ pé èèyàn ló ń wo máíkírósíkóòpù, tí tissue bá nípọn jù tàbí tó ká, ọwọ́ ẹni á ti yí focus kí ẹni tó mọ̀, ojú á sì gbà á bẹ́ẹ̀. Sikánà ò mọ ojú àánú. Afẹ́fẹ́ tó há sábẹ́ cover slip (gíláàsì tín-ínrín tí wọ́n fi ń bo tissue), DPX (gúlúù tí wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́) tó pọ̀ jù tó lẹ̀ mọ́ etí gíláàsì, blade microtome (ẹ̀rọ tó ń gé tissue pẹlẹbẹ) tó ti kú tí wọ́n ṣì ń lò torí kò tíì sówó òmíràn, gbogbo ẹ̀ ló tú sí gbangba lórí kọ̀ǹpútà. La bá mú ìwé eléwé 40 táwọn ọmọ iléèwé ń lò, à ń kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: èyí tá a tún skan, kí ló fà á, ṣé gígé ni, ṣé mounting (lílẹ cover slip) ni, ṣé iná ni. Ìwé yẹn ló di ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún wọn. Bàbá tó ń gé síláìdì fún wa, tó ti wà nídìí ẹ̀ kí n tó wọ yunifásítì, òun ló jókòó tì mí tó ń sọ pé "Dókítà, èyí kì í ṣe NEPA o, ọwọ́ mi nìyí." Orúkọ ẹ̀ ni mo kọ ṣìkejì lórí abstract. Àwọn kan bínú. Kí wọ́n máa bínú lọ.

Ní ti kíkọ ẹ̀, má kọ ọ́ láé pé wàá sọ èsì tó o bá débẹ̀, èsì gbọ́dọ̀ ti wà nínú ẹ̀. Tó bá jẹ́ 9 nínú 60, kọ 9 nínú 60, má kọ "ọ̀pọ̀lọpọ̀". Wo fóòmù wọn bóyá lẹ́tà ni wọ́n ń kà àbí ọ̀rọ̀, àwọn mìíràn ń ka àlàfo àárín ọ̀rọ̀ mọ́ ọn. Àmì micron yẹn (µ), portal tèmi, ìyẹn ìkànnì tí wọ́n ń fi abstract ránṣẹ́ sí, sọ ọ́ di àmì ìbéèrè, gbogbo ìwọ̀n mi wá dà bíi pé kò dá mi lójú, torí náà kọ "micron" ní kíkún. Tí wọ́n bá ní àwọn ò fẹ́ mọ ẹni tó kọ ọ́, yọ orúkọ ọsibítù ẹ kúrò nínú ọ̀rọ̀. Ẹni tó ni sikánà ò gbowó lọ́wọ́ wa, mo sì kọ ìyẹn síbi tí wọ́n ti ní ká sọ ẹni tó ràn wá lọ́wọ́, ó sàn ju kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa hú u jáde lọ. Má sì yin ẹ̀rọ kankan nínú abstract bíi pé wọ́n gbà ẹ́ pé kó o máa polówó.

Ìwé àṣẹ ethics, tí kọ́mítì ọsibítù máa fi gbà kó o lo síláìdì aláìsàn fún ìwádìí, lọ béèrè fún un lónìí, kó o tó skan ẹyọ kan. Kọ́mítì ò mọ̀ pé o ní deadline.

Ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kó bá mi jù rèé. Fáìlì tí sikánà ń gbé jáde, irú .svs yẹn, kì í ṣe tissue nìkan ló máa ń wà nínú ẹ̀, ó máa ń gbé àwòrán kékeré ti label síláìdì náà mọ́ra. O mọ bá a ṣe ń ṣe nílé, pẹ́ńsù, nọ́ńbà láàbù, wọ́n á tún wá kọ orúkọ aláìsàn fúnra ẹ̀ sí i kó má bàa sọnù. Mo ti yí orúkọ fáìlì padà, mo ní mo ti ṣe tán, mo fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ẹnìkejì mi tá a jọ kọ abstract, ó ṣí i nínú QuPath, ètò kọ̀ǹpútà tá a fi ń wo irú fáìlì bẹ́ẹ̀, ló bá pè mí lálẹ́ pé ta ni Ìyá báyìí báyìí? Ara mi bù máṣọ. Òfin Nigeria Data Protection Act ti 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera èèyàn mọ́ ohun tó gbọ́dọ̀ ní ààbò pàtàkì, àmọ́ kódà ká ní kò sófin, orúkọ ìyá ẹni kì í ṣe ohun tí wọ́n ń gbé sójú pátákó. Bo label kó o tó skan, tàbí kó o gé ibi tó o fẹ́ lò nìkan jáde sínú fáìlì tuntun.

Ìwà òmùgọ̀ tí mo ní màá sọ náà dà? Deadline ni. Aago 23:59 ti Berlin ni wọ́n kọ. Mo ní aago Berlin àti ti Lagos kúkú dọ́gba. Ó dọ́gba lóòótọ́, nígbà òtútù wọn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, wọ́n máa ń sún aago tiwọn síwájú ní wákàtí kan, àwa kì í sún nǹkan kan. Mo tan jẹnẹrétọ̀ ní aago 11 kọjá ìṣẹ́jú 10 lálẹ́, mo fara balẹ̀ jókòó, portal ti tì, 12 ti lù lọ́dọ̀ wọn. Odindi ọdún kan lọ bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ aago New York, tiwa ló dáa jù, 11:59 alẹ́ wọn jẹ́ 4:59 ìdájí wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, 5:59 nígbà òtútù, àmọ́ má ṣe dúró dìgbà yẹn, jọ̀ọ́.

Àwọn tó o lè wò ni Pathology Visions tí Digital Pathology Association ń ṣe l'Amẹ́ríkà, àti European Congress on Digital Pathology. Ka ìlànà tọdún yìí, má lo ti èṣí. Tí wọ́n bá bi ẹ́ bóyá ọ̀rọ̀ sísọ lo fẹ́ àbí pósítà, tí àyè bá wà láti mú méjèèjì, mú méjèèjì, ìgbéraga ò lérè ńbẹ̀. Bi wọ́n léèrè owó ìforúkọsílẹ̀ kíákíá, torí gbígbà tí wọ́n gbà ẹ́ kì í ṣe pé wọ́n fún ẹ lówó. Físà tèmi ò jáde lásìkò, wọ́n ní kí n gba ohùn mi sílẹ̀ kí n fi ránṣẹ́. Surulere ni mò ń gbé nígbà náà, jẹnẹrétọ̀ ọ̀tún, jẹnẹrétọ̀ òsì, inú wọ́dúróòbù láàárín àwọn agbádá ni mo ti ka gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn, òógùn bò mí. Wọ́n ní ohùn mi mọ́ gaara.

Fi àkọlé nìkan ránṣẹ́ sí mi kó o tó kọ ìyókù, kó má ju ọ̀rọ̀ 15 lọ. Tó bá di Thursday mi ò ní tètè dáhùn, ìdí grossing (yíyẹ ẹran ara tí wọ́n gé wò, ká tó gé e fún síláìdì) ni mo máa ń wà títí ilẹ̀ fi ń ṣú.